Omi Ilé Méjì

"Gbé e kúrò lórí tábìlì tí mo ti ń jẹun," ni Mosúnmọ́lá wí.

Kò pariwo. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, báàgì ọjà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òjò tó bá a wọlé láti Hyde Road sì ń kán láti etí kóòtù rẹ̀. Ohun tó wà lórí tábìlì kò tóbi. Gígé ọparun kan ni, kò gùn ju apá ọmọdé lọ. Wọ́n fi igi gbígbẹ́ dí i lẹ́nu, wọ́n sì fi okùn pupa àti okùn funfun ta kókó sí i lára, kókó tó rí bí òdòdó. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Olúwatúnmiṣe, tó máa di ìyàwó Sota ní Sátidé, ló jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná.

"Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì. Omi lásán ni."

"Omi lásán kì í ró okùn pupa àti funfun."

"Bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀bùn ìgbéyàwó ní ìlú àwọn Sota nìyẹn. Inú kànga ilé wọn ni omi yẹn ti wá. Màmá ẹ̀ ló gbé e dání."

"Láti Japan?"

"Láti Kanazawa, ní Japan."

"Ó gbé omi wọ ọkọ̀ òfúrufú wá sí Manchester." Mosúnmọ́lá wo fèrèsé, níbi tí òjò ti ń fọ gíláàsì láti àárọ̀. "Ta ló sọ fún un pé ọ̀dá omi ń dá wa?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Túnmiṣe, àmọ́ ó kó ara rẹ̀ níjàánu. "Àṣà kan ni. Bí ìyàwó bá fẹ́ wọ ilé ọkọ, wọ́n á bu omi láti ilé àwọn òbí ẹ̀, wọ́n á bu omi láti ilé ọkọ, wọ́n á pa méjèèjì pọ̀ sínú ife amọ̀ kékeré kan. Ẹnu ọ̀nà ni ìyàwó á ti mu ún. Tó bá mu ún tán, wọ́n á fọ́ ife náà mọ́lẹ̀."

"Kí ló dé tí wọ́n fi ń fọ́ ọ?"

Túnmiṣe ń fi ìka yí òrùka rẹ̀. "Kí ìyàwó má baà padà sẹ́yìn."

Mosúnmọ́lá gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹyin nìkan ló wà nínú rẹ̀.

"A ní orúkọ fún nǹkan tí ò ń sọ yìí," ó wí. "Ìmùlẹ̀ ni. Bàbá bàbá rẹ mọ̀ ọ́n ní Ṣàgámù, ó sì mọ ohun tí ojú òun rí nínú ẹ̀. Mi ò sọdá òkun kí ọmọ mi tún wá lọ mulẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn."

"Kò sí ìbúra kankan níbẹ̀. Mọ́mì, ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé nígbà tí ẹ wọ ilé Dádì, wọ́n da omi tútù sí yín lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà."

"Ẹsẹ̀ ni wọ́n dà á sí. Wọn ò dà á sí mi lẹ́nu."

"Sota ńkọ́? Nígbà tó wá lọ́dún tó kọjá, tí Pásítọ̀ rì í bọmi níwájú gbogbo ìjọ, ṣé màmá ẹ̀ sọ pé ìmùlẹ̀ ni?"

Mosúnmọ́lá kẹ̀yìn sí i. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi í kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti le.

"Ilé mi ni wọ́n ti fẹ́ bu omi kejì, àbí? Wọn ò ní bù ú. Omi ẹ̀rọ ilé yìí ò ní wọ inú ife kankan."

"Ẹ̀rọ omi pọ̀ ní Manchester, Mọ́mì."

"Lọ bù ú níbẹ̀."

"Mi ò ní lọ bù ú." Ọmọ náà dìde. Ó ga ju ìyá rẹ̀ lọ, àmọ́ àgbọ̀n kan náà ni wọ́n ní, àgbọ̀n àwọn tí kì í yí ọ̀rọ̀ padà. "Ẹ̀yin lẹ máa fi ọwọ́ ara yín bù ú, tàbí kó má wáyé rárá. Tí kò bá wáyé, màá lọ náà. Ṣùgbọ́n màá mọ̀ pé ńṣe ni mo kàn lọ. Ẹ ò fà mí lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

Ó mú agboòrùn rẹ̀, ó jáde lọ pàdé Sota àti ìyá rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ó fi omi náà sílẹ̀ sórí tábìlì.

Nígbà tí Túnmiṣe kọ́kọ́ sọ pé òun ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú kan tó ń jẹ́ Kanazawa, Mosúnmọ́lá rò pé ọdún kan ni. Ilé ìwé kan ní Ardwick ló ti ń se oúnjẹ, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló sì ti wà níbẹ̀. Ó máa ń fi àwòrán ọmọ rẹ̀ han àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíṣìnì: Túnmiṣe nínú òjò, Túnmiṣe nínú yìnyín, Túnmiṣe lábẹ́ igi kan tí wọ́n fi okùn fa àwọn ẹ̀ka rẹ̀ sókè láti orí òpó gíga, kí yìnyín má baà ṣẹ́ wọn. "Igi ni wọ́n ń tọ́jú báyìí o," ó máa ń wí, "ká má tíì sọ ti èèyàn." Ọmọ náà á pè é láti etí odò. Odò méjì ló gba inú ìlú náà kọjá, wọ́n ní ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin, èkejì jẹ́ obìnrin. Ó ní òjò ibẹ̀ kì í dá, pé àwọn àgbà wọn máa ń sọ pé bí èèyàn bá gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sílé, kó má ṣe gbàgbé agboòrùn. "Bí àdúgbò wa ní Gorton náà ló rí, Mọ́mì, àfi pé ibẹ̀ mọ́." Ọdún kan di méjì. Méjì di Sota.

Fóònù dún. Sister Hephzibah ni, ẹni tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù kó tó gbọ́ ọ. Mosúnmọ́lá ṣàlàyé fún un.

"Mummy Túnmiṣe, ẹ gbọ́ mi dáadáa," ni Sister Hephzibah wí. "Ẹ dà á sínú sínkì. Kí ẹ sì da búlíìṣì tẹ̀ lé e."

"Àdúrà ńkọ́?"

"Ẹ gbàdúrà kí ẹ tó da búlíìṣì. Pupa àti funfun, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Wọ́n tún wá ní kí ó má padà. Ibo ni wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀ fún ọmọ kan ṣoṣo?"

"Ohun tí mo sọ nìyẹn."

"Tí wọ́n bá béèrè, ẹ ní ó jò. Ọparun máa ń jò."

"Mi ò ní parọ́, Sister Hephzibah. Tí mo bá dà á nù, màá sọ pé èmi ni mo dà á nù."

"Ẹ kọ́kọ́ dà á ná."

Mosúnmọ́lá gbé fóònù sílẹ̀. Ó gbé ọparun náà lọ síbi sínkì. Ó wúwo ju bí ó ṣe rò lọ. Ó tú okùn náà, ó sì yọ ìdérí igi kúrò. Ó gbé imú sún mọ́ ọn. Kò gbóòórùn nǹkan kan, àfi bíi ti igi tútù. Ó pe orúkọ Jésù, ó wá tẹ ọparun náà bẹ̀rẹ̀. Omi ti dé etí rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn iwájú ṣí.

Sota ló ṣíwájú, ọmọkùnrin gígùn tó máa ń bọ́ bàtà kí èèyàn tó sọ fún un. Túnmiṣe tẹ̀ lé e. Láàárín wọn ni ìyá Sota wà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti hu ewú, tó wọ kóòtù dúdú. Gbogbo wọn rí Mosúnmọ́lá níbi sínkì, wọ́n rí okùn tó ti tú.

"Mọ́mì," ni Túnmiṣe wí.

Ìyá Sota tẹrí ba. Mosúnmọ́lá fi ọparun lọ́wọ́ kúnlẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ewú ló rí, orúnkún rẹ̀ ò dúró gba àṣẹ. Ìyá Sota rí i pé ó lọ sílẹ̀, òun náà tún tẹ̀ sílẹ̀ sí i. Ìgbà tí wọ́n dìde tán ni ìyá Sota fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ béèrè bóyá omi náà bàjẹ́ lọ́nà.

"Rárá, Mà," ni Mosúnmọ́lá fèsì. "Mo fẹ́ dà á nù ni. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

Túnmiṣe di ojú rẹ̀. Sota wo ilẹ̀.

Ìyá Sota sún mọ́ sínkì. Ó wo ọwọ́ Mosúnmọ́lá, ó wo omi. Ó wá mú ife tíì kan lórí sínkì, ó gba ọparun náà, ó da ìwọ̀nba díẹ̀ sínú ife, ó sì mu ún. Ó mu ún tán, ó nu ètè, ó gbé ọparun padà lé Mosúnmọ́lá lọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Mosúnmọ́lá dúró bẹ́ẹ̀. Ní Ṣàgámù, nílé ìyá rẹ̀, ẹni tó bá fúnni lómi ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú àlejò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láti ìgbà tó ti dé ìlú yìí. Ó dá ìdérí padà sẹ́nu ọparun. Kò dà á nù, àmọ́ kò sọ pé òun gbà.

Pásítọ̀ ń retí Sota àti Túnmiṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ìmọ̀ràn ìkẹyìn. Túnmiṣe ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni ń fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú iná.

"Ẹ máa lọ," ni Mosúnmọ́lá wí. "A ò ní jà. Iṣu ni mo fẹ́ sè."

Bí wọ́n ṣe lọ tán, ó gbé iṣu jáde láti inú báàgì. Ìyá Sota bọ́ kóòtù, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Ó fi ọwọ́ kan iṣu náà, ó fọwọ́ pa iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"A ní eléyìí," ó wí. "Tiwa tín-ín-rín, ó gùn. Inú igbó la ti ń wà á. Iṣu ló fún ìlú wa lórúkọ."

"Ìlú wo ni iṣu ń fún lórúkọ?"

Ìyá Sota bẹ̀rẹ̀ sí í fọ iṣu, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń lu wúrà di ewé, ewé tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èémí lè gbé e lọ. Yàrá tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ ni wọ́n ti ń gé e, wọn kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Rédíò tó wà ní igun yàrá ló kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ó ní láyé àtijọ́, ọkùnrin tálákà kan wà tó ń wa iṣu nínú igbó. Bàbá olówó kan láti ìlú òkèèrè lá àlá pé ọkùnrin yẹn ni ọkọ ọmọ òun. Ó fa ọmọ náà lé e lọ́wọ́, ó sì kó wúrà fún un. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó fún ọkọ ní wúrà pé kó lọ fi ra nǹkan lọ́jà. Ọkọ rí àwọn ẹyẹ nínú oko lójú ọ̀nà, ó sọ wúrà náà lù wọ́n bí òkò.

"Ó fi wúrà sọ òkò," ni Mosúnmọ́lá wí.

"Kò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó bínú. Ọkọ ní, nǹkan yẹn? Ó pọ̀ níbi tí mo ti ń fọ iṣu." Ìyá Sota gbé iṣu jáde láti inú omi, ó jẹ́ kí omi rẹ̀ kán. "Wọ́n jọ lọ síbẹ̀. Wúrà ló ń já bọ́ lára iṣu. Orísun omi yẹn ṣì wà. Ohun tí Kanazawa túmọ̀ sí ni irà wúrà."

Mosúnmọ́lá rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé òun á rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. "Ìyẹn ni pé tí ìyàwó àjèjì ò bá dé ibẹ̀, wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n ní."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí ìyẹn la ṣe ń pọ́n ìyàwó tó bá ti òkèèrè wá lé." Ó gbé iṣu náà kalẹ̀. "Ó yẹ ká máa ṣe bẹ́ẹ̀."

Wọ́n jókòó, ọ̀kan ń bẹ iṣu, èkejì ń gé e. Ìyá Sota sọ pé àwọn ìjòyè ìlú wọn àtijọ́ ní ìrẹsì ju gbogbo àwọn yòókù lọ, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé kí olórí ilẹ̀ má fura sí wọn. Dípò kí wọ́n ra ohun ìjà, aṣọ, wúrà àti ìkòkò amọ̀ ni wọ́n ń náwó lé. Nígbà ogun ńlá, bọ́ǹbù ò já bọ́ síbẹ̀. Ilé àtijọ́ ò wó, àṣà àtijọ́ náà ò wó. "Òmíràn dára," ó wí. "Òmíràn wúwo."

"Ti ife ńkọ́?" ni Mosúnmọ́lá béèrè. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ṣé wọ́n fọ́ tiyín?"

"Wọ́n fọ́ ọ. Ọmọ Kanazawa kọ́ ni mí. Etíkun Noto ni wọ́n bí mi sí, ìlú àwọn apẹja. Mo mu omi, ife fọ́, ìyá mi ò sọkún. Nígbà tí mo padà lọ kí i, ó kí mi bí àlejò, aṣọ ìjókòó tó mọ́ jù lọ ló tẹ́ fún mi. Mo fẹ́ wọ kíṣìnì, ó ní rárá, ẹ jókòó." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kó èèpo iṣu jọ. "Ọjọ́ ọdún tuntun, ọdún 2024, ilẹ̀ mì ní Noto. Ilé yẹn wó. Mo lọ wò ó. Nígbà yẹn nìkan ni mo wọ kíṣìnì náà, kò sì ní òrùlé mọ́."

Òjò ń rọ̀. Mosúnmọ́lá fẹ́ sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, ó sì sọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ló tẹ̀ lé e, èyí tí kò tíì sọ fún Sister Hephzibah tàbí Túnmiṣe bó ṣe yẹ.

"Èmi náà fi Ṣàgámù sílẹ̀, mo ní ọdún tó ń bọ̀ ni màá padà. Ìjọba ibí ò tètè dá mi lóhùn lórí ìwé ìrìnnà mi. Ojú fóònù ni mo ti wo ìsìnkú ìyá mi. Ẹni tó gbé fóònù náà ń gbọ̀n, erùpẹ̀ ni mo rí jù." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Ẹnì kankan ò fọ́ ife lẹ́yìn mi, Mà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò padà. Ẹ̀yin ẹ tún wá fẹ́ fọ́ ọ lẹ́yìn ọmọ mi. Ẹ gbọ́, ẹ̀rù omi yín ò bà mí mọ́. Màá bu omi ilé mi sí i. Ife yẹn ni mi ò fẹ́. A máa ń sọ pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ọmọ mi á máa padà wá."

Ìyá Sota ronú. Ó mí sínú, kò tètè mí jáde, bí ẹni tí wúrà wà níwájú rẹ̀.

"Gbogbo ẹbí ń retí pé kí n sọ pé mo fi ife sọlẹ̀," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi á béèrè. Àgbàlagbà ni. Mi ò lè parọ́ fún un."

"Èmi náà ò fẹ́ràn irọ́."

"Tí mi ò bá sọ ọ́, àṣà ò pé."

"Tó bá fọ́, ọmọ mi ò sí mọ́."

Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn lórí iṣu gígé, kò sí èyí tó gbójú sílẹ̀. Iná ń jó lábẹ́ ìkòkò. Mosúnmọ́lá dìde, ó da iṣu sínú omi tó ń hó, ó bu iyọ̀ sí i, ó dé e. Ó dúró síbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí àlejò rẹ̀, ó ń ronú. Lẹ́yìn náà ló fa àga kan sún mọ́ ògiri, ó gun orí rẹ̀, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù òkè pátápátá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìkòkò àti abọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

"Ẹ rọra," ni ìyá Sota wí, ó di àga náà mú.

Ohun tó mú sọ̀kalẹ̀ ni ife páànù funfun kan, etí rẹ̀ búlúù, irú èyí tí gbogbo ilé ní Ṣàgámù fi ń mu ògì. Inú báàgì tó gbé wọ ìlú yìí ló ti bá a wá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti bó. Ó fọ eruku rẹ̀ kúrò, ó nù ún, ó gbé e ka iwájú ìyá Sota.

"Wọ́n ní kí ẹ sọ ọ́ mọ́lẹ̀," ó wí. "Ẹ sọ ọ́. Ẹ fi gbogbo agbára yín sọ ọ́. Mi ò ní dì yín lọ́wọ́. Tí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín bá béèrè, ẹ sọ òtítọ́ fún un, ẹ ní ẹ sọ ọ́."

Ìyá Sota gbé ife náà. Ó fi èékánná kàn án, ó gbọ́ bó ṣe dún. Ó yí i, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò yí padà rárá. Ó dìde, ó gbé ife náà sókè dé àyà rẹ̀, ó wo Mosúnmọ́lá, ó sì jẹ́ kó já bọ́.

Ariwo rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ife náà fò, ó yí gbirigbiri lọ abẹ́ tábìlì, ó lu ẹsẹ̀ àga, ó dúró. Ìyá Sota bẹ̀rẹ̀, ó mú un jáde, ó wò ó yíká. Ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìgbà tí Mosúnmọ́lá rí i pé ẹ̀rín ni, òun náà di etí sínkì mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Ilẹ̀kùn iwájú ṣí. Ẹsẹ̀ ń sáré bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mọ́mì, kí ló fọ́?" ni Túnmiṣe béèrè, kò tíì bọ́ bàtà.

"Kò sí ohun tó fọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó gba ife náà lọ́wọ́ ìyá Sota, ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó jẹ́ kó máa sàn títí ó fi tutù dáadáa. "Wá dúró síbí, kí n fi bí a ó ṣe ṣe é ní Sátidé hàn ọ́."